Ẹ̀yẹ Agbábọ́ọ̀lù Obìnrin Tí Ó Tayọ Jùlọ Lọ́dún

Òwe méjì kan wà tí àwọn bàbá wa máa ń pa, tí ó dà bí ẹni pé wọ́n ń bá ara wọn jà. Èkíní wí pé, 'Yinni yinni, kí ẹni lè ṣe òmíràn.' Èkejì wí pé, 'Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Àjèjé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí.' Bí a bá tẹ̀lé ti èkíní, a ó mú ẹnìkan jáde láàárín ọ̀pọ̀ ènìyàn, a ó yìn ín, a ó sì fún un ní ẹ̀bùn. Bí a bá tẹ̀lé ti èkejì, a ó bi ara wa léèrè bóyá ó tọ́ kí a yin ẹnìkan ṣoṣo nítorí iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jùmọ̀ ṣe. Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò. N ó fi eré ìdárayá kan ṣe àpẹẹrẹ, àti ẹ̀yẹ kan tí wọ́n ń fún àwọn ọmọbìnrin tí ń gbá a ní àwọn yunifásítì ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Eré náà ni bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n. Ènìyàn márùn-ún ni í máa wà lórí pápá ní apá kan, márùn-ún ní apá kejì. Ní ìpẹ̀kun pápá níhìn-ín àti lọ́hùn-ún ni wọ́n gbé òrùka irin kan kọ́ sí, tí àwọ̀n rọ̀ mọ́ ọn. Gíga rẹ̀ sí ilẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10. Ẹgbẹ́ tí ó bá ju bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n ẹnìkejì jù ni ó borí. Nítorí pé àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà pọ̀ lọ jàra, wọ́n pín ara wọn sí àjọ ìdíje oríṣiríṣi, àwọn tí ó wà nínú àjọ kan a sì máa bá ara wọn díje ní àkókò òtútù títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Ẹrẹ́nà. Nígbà tí wọ́n bá parí èyí, kí àwọn tí ó mókè tó lọ pàdé àwọn ti àjọ mìíràn nínú ìdíje gbogbo orílẹ̀-èdè, àjọ kọ̀ọ̀kan a yan ọmọbìnrin kan, a sì pè é ní Agbábọ́ọ̀lù Tí Ó Tayọ Jùlọ Lọ́dún. Nínú ọ̀pọ̀ àjọ wọ̀nyí, àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá ni ó ń dìbò yàn án, ìlànà wọn sì ni pé akọ́nimọ̀ọ́gbá kò gbọdọ̀ dìbò fún ọmọ ilé-ìwé tirẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a óò tún padà sórí rẹ̀.

Kí a tó sọ ohun tí ó dára tàbí tí kò dára nínú ẹ̀yẹ yìí, ó yẹ kí a mọ ibi tí àwọn obìnrin ti ń bọ̀ nínú eré náà. Ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1891 ni olùkọ́ eré ìdárayá kan tí ń jẹ́ James Naismith dá a sílẹ̀ ní ìlú Springfield, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts. Apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi ń kó èso ni ó so rọ̀ ní ìhà méjèèjì yàrá ńlá kan. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, olùkọ́ obìnrin kan, Senda Berenson, mú eré náà dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọbìnrin ní Smith College. Ṣùgbọ́n ó pín pápá sí ọ̀nà mẹ́ta, ó sì pàṣẹ pé kí olúkúlùkù dúró sí ìpín tirẹ̀, nítorí ní ayé ìgbà náà, èrò àwọn ènìyàn ni pé ara obìnrin kò lè gba ìsáré púpọ̀. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Igbe ọdún 1896, àwọn ọmọbìnrin yunifásítì Stanford àti ti California pàdé ní ìlú San Francisco. Èyí ni ìgbà èkíní tí àwọn obìnrin yunifásítì méjì yóò bá ara wọn gbá irú bọ́ọ̀lù yìí. Wọn kò jẹ́ kí ọkùnrin kankan wọlé wá wòran, nítorí wọ́n kà á sí ohun tí kò bójú mu. Stanford ni ó borí, pẹ̀lú ayò 2 sí 1.

Láti ìgbà náà lọ, ó gbà tó ọdún márùndínlọ́gọ́rin ó lé kí ọ̀nà tó là gbòòrò fún wọn. Ní ọdún 1972 ni ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin kan tí wọ́n ń pè ní Title IX, èyí tí ó wí pé ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá ń gba owó ìjọba àpapọ̀ kò gbọdọ̀ ṣe ojúsàájú láàárín ọkùnrin àti obìnrin. Òfin yìí ni ó mú kí àwọn yunifásítì bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin tí ó mọ eré ṣe ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bí wọ́n ti ń fún àwọn ọmọkùnrin. Nítorí náà, nígbà tí a bá gbọ́ lónìí pé wọ́n fi ẹ̀yẹ dá ọmọbìnrin kan lọ́lá lójú gbogbo ayé, kí a rántí pé àwọn ìyá ńlá rẹ̀ nínú eré náà ti ilẹ̀kùn mọ́rí kí wọ́n tó lè gbá a.

Ẹ jẹ́ kí a wá gbọ́ ti àwọn tí kò fẹ́ kí á máa yan ẹnìkan. Ọ̀rọ̀ wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Wọ́n ní ojú ènìyàn kì í rí ju ẹni tí ó ju bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n lọ. Ta ni ó dí ojú ọ̀nà mọ́ alátakò tí ìyẹn fi ríbi kọjá? Ta ni ó fò sókè láti gba bọ́ọ̀lù tí kò wọlé? Ta ni ó gbé e fún ẹni tí ó jù ú? Igi kan kì í dá igbó ṣe, wọ́n ní, bẹ́ẹ̀ ni ẹnìkan kì í dá ẹgbẹ́ ṣe. Wọ́n tún wí pé irú ẹ̀yẹ bẹ́ẹ̀ a máa gbin ìlara sí àárín àwọn ọ̀rẹ́, ó sì lè mú kí ọmọ tí ń wá orúkọ kọ̀ láti gbé bọ́ọ̀lù fún ẹlòmíràn, kí ayò tirẹ̀ lè pọ̀.

Èmi tìkára mi kò lè fi ọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ yìí sẹ́yìn, nítorí mo ti jẹ̀bi rẹ̀ rí. Ní ọdún kan, nígbà tí mo ń ṣe olùkọ́, àwọn ọmọbìnrin ilé-ìwé wa lọ sáré ìje ẹlẹ́ni mẹ́rin, èyí tí ọmọ kan ń gbé ọ̀pá lé ọmọ kejì lọ́wọ́. Nígbà tí ọ̀pá kan ọmọ kẹta, ipò kẹrin ni a wà. Ọmọ náà sáré bí ẹni tí iná ń lé, ó sì gbé ọ̀pá lé ọmọ kẹrin lọ́wọ́ ní ipò kìíní. Ọmọ kẹrin ni ó já okùn ìparí, òun ni gbogbo ènìyàn sì pàtẹ́wọ́ fún. Ní ọjọ́ ìfúnni-lẹ́bùn, àwa olùkọ́ jókòó, a sì yan ọmọ kẹrin pé òun ni ó tayọ jùlọ nínú eré ìdárayá. Kò sí ẹni tí ó dárúkọ ọmọ kẹta. Ó pàtẹ́wọ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, kò wá sí pápá mọ́. Nígbà tí mo bi í léèrè, ó dá mi lóhùn pé, 'Ẹ jọ̀wọ́, sà, àwọn tí ó mọ̀ ọ́n sá wà níbẹ̀.' Títí di òní, n kò tíì gbàgbé ìdáhùn náà.

Síbẹ̀, mo dúró lórí rẹ̀ pé ó tọ́ kí á máa yan ẹni tí ó tayọ. Ẹ̀bi ọjọ́ náà kì í ṣe ti ẹ̀yẹ bí kò ṣe ti ojú wa tí kò ríran jìnnà. N ó sọ ìdí mẹ́ta tí mo fi di èrò yìí mú.

Ìdí kìíní ni pé ẹ̀yẹ a máa la ọ̀nà fún ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ wo àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, Nneka àti Chiney Ogwumike. Orílẹ̀-èdè wa Nàìjíríà ni àwọn òbí wọn ti lọ, ìpínlẹ̀ Texas ni wọ́n sì ti tọ́ wọn dàgbà. Àwọn méjèèjì lọ sí yunifásítì Stanford, níbi tí Tara VanDerveer ti jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ní ọdún 2010, wọ́n yan Nneka ní ẹni tí ó tayọ jùlọ nínú àjọ ìdíje wọn, tí ó ń jẹ́ Pac-10 nígbà náà. Ní ọdún 2012, lẹ́yìn tí àjọ náà ti di Pac-12, wọ́n tún yàn án. Ní ọdún 2013 àti 2014, àbúrò rẹ̀ Chiney ni wọ́n yàn. Láàárín ọdún márùn-ún, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ẹ̀yẹ yìí wọ ilé kan ṣoṣo. Ẹni tí ó bá mọ bí ọmọ ìyá ti í rí yóò mọ̀ pé àbúrò ìbá lè jowú, tàbí kí ó sọ pé, 'Ẹ̀gbọ́n mi ti gba gbogbo rẹ̀ tán.' Kàkà bẹ́ẹ̀, ojú ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó tọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni wọn kò fi eré pa ẹ̀kọ́ tì. Ní Stanford kan náà ni Nneka ti gba oyè nínú ìmọ̀ nípa ọkàn àti ìwà ẹ̀dá, tí Chiney sì gba tirẹ̀ nínú ìmọ̀ nípa ìbáṣepọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè. Mo fẹ́ kí àwọn òbí tí ń sọ pé eré ìdárayá kì í jẹ́ kí ọmọbìnrin mọ̀wé gbọ́ èyí dáadáa.

Ìdí kejì ni pé ẹ̀yẹ lè di ohùn fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Lẹ́yìn yunifásítì, Nneka wọ inú ìdíje àwọn obìnrin tí ń fi eré náà ṣe iṣẹ́ òòjọ́, tí wọ́n ń pè ní WNBA. Ní ọdún 2016, ó gba ẹ̀yẹ tí ó ga jù níbẹ̀, òun ni ó sì ju bọ́ọ̀lù tí ó fi ife ẹ̀yẹ lé ẹgbẹ́ rẹ̀, Los Angeles Sparks, lọ́wọ́, nígbà tí ó ku díẹ̀ kí àkókò tán. Ní ọdún kan náà, àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ rẹ̀ fi í ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wọn. Nígbà tí ó di ọdún 2020, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ náà bá àwọn tí ó ni ìdíje ṣe àdéhùn tuntun. Owó oṣù wọn lé sí i, wọ́n sì gbà pé kí obìnrin tí ó bá lọ bímọ máa gba owó rẹ̀ pé pérépéré. Bí kò bá ṣe pé a ti mọ orúkọ ẹnìkan, tí a sì ti bọlá fún un, ta ni yóò fetí sí i nígbà tí ó bá ń sọ̀rọ̀ nítorí àwọn tí a kò mọ orúkọ wọn?

Ìdí kẹta ni pé ẹ̀rí tí ń ti ẹnu alátakò jáde kì í ṣe ẹ̀rí ẹ̀tàn. Mo ti sọ pé akọ́nimọ̀ọ́gbá kì í dìbò fún ọmọ tirẹ̀. Nítorí náà, àwọn tí ọmọbìnrin náà ti dà láàmú ní gbogbo ìgbà òtútù náà ni ó ń jẹ́rìí rẹ̀. Àwa Yorùbá máa ń wí pé, 'Ọjọ́ a bá kú ni à ń dère. Ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè.' Ohun rere ni kí á rí ibi tí ènìyàn ti sunwọ̀n láàyè, àní lójú àwọn tí ó ṣẹ́gun.

Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rò pé ẹ̀yẹ yìí ni òṣùwọ̀n ìwúlò ènìyàn. Ní yunifásítì Notre Dame, ọmọbìnrin kan wà tí ń jẹ́ Arike Ogunbowale. Ọmọ Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀, kò sì sí Yorùbá tí yóò gbọ́ Àríkẹ́ tí kò ní mọ̀ pé oríkì ọmọbìnrin ni. Ní ọdún 2018, nígbà tí àjọ ìdíje wọn, Atlantic Coast Conference, yan ẹni tí ó tayọ jùlọ, Asia Durr ti yunifásítì Louisville ni wọ́n yàn. Àríkẹ́ kọ́ ni wọ́n yàn. Kò sí àbùkù níbẹ̀, nítorí agbábọ́ọ̀lù tí ó gbóná ni Asia Durr.

Kò ju nǹkan bí oṣù kan lọ lẹ́yìn náà tí Notre Dame fi dé ìpele tí ó kù díẹ̀ kí ìdíje gbogbo orílẹ̀-èdè parí. Mẹ́rin nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn ni ó ti fi orúnkún ṣèṣe ní ọdún náà. Ní ọjọ́ 30 oṣù Ẹrẹ́nà, wọ́n pàdé yunifásítì Connecticut, ẹgbẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò tíì borí rárá ní ọdún náà. Wọ́n gbá a títí wọ́n fi fi àkókò kún àkókò. Nígbà tí ó ku ìṣẹ́jú àáyá kan, Àríkẹ́ ju bọ́ọ̀lù, ó wọlé: 91 sí 89. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Igbe, wọ́n pàdé Mississippi State ní àṣekágbá. Ayò 15 ni àwọn wọ̀nyí kọ́kọ́ fi ṣíwájú wọn. Notre Dame lé wọn bá, ó di 58 sí 58. Jackie Young gbé bọ́ọ̀lù wọlé láti ẹ̀gbẹ́ pápá, ó fi lé Àríkẹ́ lọ́wọ́, Àríkẹ́ sì sọ ọ́ láti òkèèrè ní igun pápá. Nígbà tí ó wọ inú àwọ̀n, ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kan ni ó kù. Ayò 61 sí 58 ni wọ́n fi gba ife ẹ̀yẹ.

Ẹ kíyèsí ẹ̀kọ́ méjì nínú ìtàn yìí. Èkíní, ẹni tí àjọ tirẹ̀ kò yàn ni gbogbo Amẹ́ríkà ń pariwo orúkọ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Igbe. Bí ó bá ti káwọ́ lérí nítorí ẹ̀yẹ tí kò gbà, ǹjẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ìbá yá tó bẹ́ẹ̀? Èkejì, bọ́ọ̀lù náà kò ti ọ̀run já bọ́ sí i lọ́wọ́. Ẹlòmíràn ni ó gbé e fún un. Jackie Young ni ọmọ kẹta tiwa nínú ìje tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan.

Nítorí náà, ohun tí mo rò pé ó yẹ nìyí. Kí àwọn tí ń fúnni ní ẹ̀yẹ má ṣe máa wo ayò nìkan. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ tí kálukú ń ṣe lórí pápá yàtọ̀. Ó dùn mọ́ mi pé ọ̀pọ̀ àjọ ìdíje ní Amẹ́ríkà ti ń fún ẹni tí ó mọ ọ̀nà dí mọ́ alátakò jùlọ ní ẹ̀yẹ tirẹ̀, tí àwọn mìíràn sì ń yẹ́ ẹni tí ń ti orí ìjókòó wọlé ran ẹgbẹ́ lọ́wọ́ sí. Kí àwọn ilé-ìwé tiwa fi èyí kọ́gbọ́n ní ọjọ́ ìfúnni-lẹ́bùn. Kí ẹni tí ó bá gba ẹ̀yẹ sì dárúkọ àwọn tí ó gbé bọ́ọ̀lù fún un, nítorí ẹni tí ó gba ẹ̀bùn tí kò dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ti gba ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan.

Kí a sì rántí pé ẹ̀yẹ pàápàá kì í wà títí láé. Ní ọdún 2024, yunifásítì mẹ́wàá nínú méjìlá fi àjọ Pac-12 sílẹ̀, Stanford sì wà lára wọn. Àjọ tí ó bọlá fún àwọn ọmọ Ogwumike tú ká bí agbo eégún tí òjò lé. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi ọlá náà ṣe kò tú ká. Ní ọdún 2024 kan náà, àwọn obìnrin Nàìjíríà dé ìpele ẹgbẹ́ mẹ́jọ tí ó kẹ́yìn nínú ìdíje Òlíḿpíìkì ní ìlú Paris. Ẹgbẹ́ Áfíríkà kankan, ìbáà ṣe ti ọkùnrin tàbí ti obìnrin, kò tíì dé ibẹ̀ rí nínú bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ti gbá bọ́ọ̀lù ní yunifásítì Amẹ́ríkà.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, àwọn òwe méjèèjì tí mo fi bẹ̀rẹ̀ kò bá ara wọn jà ní ti òdodo. Ẹ máa yin ẹni tí ó tayọ, ẹ má ṣe ṣe ahun ìyìn. Bí ẹ bá sì yìn ín tán, kí ojú yín wá ẹni tí ó gbé ọ̀pá lé e lọ́wọ́, kí ẹ dárúkọ òun náà kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Bí èmi bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún tí mo wí yìí, bóyá ọmọ kan ìbá ṣì máa sáré.